Akẹ́kọ̀ọ́ Gìtá àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Kàn

Nínú gbogbo ohun èlò orin tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ láìsí olùkọ́ tí ó dúró tì í, gìtá jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí ó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀, òun náà sì wà lára èyí tí ó rọrùn jù láti fi sílẹ̀. Bí ẹ bá rìn káàkiri àwọn àgbàlá Alajo, níhìn-ín ní Accra, ẹ kò ní pẹ́ rí gìtá tí a fi kọ́ ara ògiri, tí okùn rẹ̀ méjì ti já, tí eruku ọyẹ́ sì ti bò ó. Ẹni tí ó ni ín kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó kọ́ kọ́ọ̀dù márùn-ún ní oṣù kìíní. Orí ìka rẹ̀ bó, ó fara dà á. Ó kọ́ ìdajì orin mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni ó dé ibi tí kò mọ ohun tí ó kàn, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì kú sí.

Ibi yìí gan-an ni mo fẹ́ kọ̀wé lé lórí fún ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ wá láti Nàìjíríà, láti Benin, láti Tógò, láti Sierra Leone àti láti inú Ghana fúnra rẹ̀. Ìbéèrè yín kò yàtọ̀ síra: “Mo ti mọ èyí, mo ti mọ tọ̀hún, kí ni kí n kọ́ tẹ̀lé e?” Orin blues àti orin rock ni ọ̀pọ̀ nínú yín fẹ́ máa ta, nítorí náà orí àwọn méjèèjì ni n ó dúró lé. Ṣùgbọ́n ẹ óò rí i pé ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà ilé wa kọjá.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán fún àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Àkókò wa kéré. Bí a bá yọ ti ẹ̀kọ́, ti ìdánwò, ti iṣẹ́ ilé àti ti oorun kúrò, bóyá ni ìdajì wákàtí yóò kù lójúmọ́. Ẹni tí ó ní ìdajì wákàtí kò lè máa fi tọ́ ohun gbogbo wò. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ni a óò rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní dùùrù, tí kò ní ìwé orin kankan, tí ọmọ 40 yóò sì máa wo ẹnu wa. Olùkọ́ tí ó lè fi gìtá kan ṣoṣo gbé orin fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìdúró lágbedeméjì, ti ní ohun èlò tí owó ìjọba kò tí ì rà fún un.

Orúkọ àdúgbò yìí máa ń pa àwa Yorùbá lẹ́rìn-ín, nítorí pé ó dún létí wa bí ẹni tí ó ń gba àjọ kiri ọjà. N kò sọ pé ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ṣùgbọ́n bí alájọ ti ń gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ ìyá aláta lójoojúmọ́, tí kì í sì í fo ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni ìdajì wákàtí wa yẹ kí ó rí. Bí ẹ bá sì ti ń dá àjọ, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹ ń dá a fún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìyanu yan ẹ̀kọ́ tí ó kàn. Wọ́n gbọ́ ẹnìkan tí ìka rẹ̀ ń sáré lórí ọrùn gìtá bí ẹsẹ̀ ọ̀kẹ́rẹ́, wọ́n sì pinnu pé eré yẹn ni àwọn óò kọ́. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n gbọ́ ẹlòmíràn tí ó ń fi ìgò yọ́ lórí okùn, wọ́n fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó lé eku méjì pòfo. Ẹni tí ó lé mẹ́fà ńkọ́?

Ọ̀nà tí èmi fara mọ́ ni èyí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú orin kan ṣoṣo tí ó gbàgbọ́ pé òun mọ̀. Kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jókòó tì í, kí ó máa pàtẹ́wọ́ ní ìwọ̀n kan náà, bí ẹni tí ó ń gún iyán láìkánjú. Kí ó ta orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò gbọdọ̀ dúró, kò sì gbọdọ̀ padà sẹ́yìn láti tún ibi tí ó bàjẹ́ ṣe. Ibi tí òun àti àtẹ́wọ́ bá ti pínyà, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí ó kàn wà. Bí ó bá jẹ́ pé nígbà tí ó ń ti kọ́ọ̀dù D bọ́ sí E ni ó máa ń pẹ́, ìyípadà kan yẹn ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà, kò sí òmíràn. Bí ọwọ́ òsì bá dára ṣùgbọ́n tí ọwọ́ ọ̀tún ń sáré ju àtẹ́wọ́ lọ, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ó bá wí. Bí orin náà bá sì parí láìkọsẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó gbẹ bí ẹ̀bà tí kò ní ọbẹ̀, nígbà náà ni ó tó àkókò láti wá ohun tuntun kún un.

Mo rọ̀ yín kí ẹ ṣe ìdánwò yìí kí ẹ tó ka ìyókù. Bí ó bá rí fún yín bí mo ti ń rí i lára àwọn tí a jọ ń ta gìtá, ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ̀bi yóò wà. Gbogbo ojú wa máa ń wà lára ọwọ́ òsì tí ó ń tẹ okùn, nítorí pé òun ni ó ṣòro lójú. Ọwọ́ ọ̀tún tí ó ń fa okùn ni ó sì ń gbé orin dúró.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn díẹ̀ dì í mú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, àwọn ọmọ Kru láti Liberia ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Òyìnbó, wọ́n sì ń gbé gìtá láti èbúté kan dé òmíràn ní gbogbo etíkun wa. Ọ̀nà tiwọn ni pé àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá nìkan ni wọ́n fi ń ta á. Àtàǹpàkò ń lu àwọn okùn tí ó nípọn, ìka ìfábẹ̀lá ń fa àwọn tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀. Ọwọ́ irú atukọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Kwame Asare, ọmọ ilẹ̀ Gold Coast tí a tún ń pè ní Jacob Sam, ti kọ́ gìtá. Ní ọdún 1928, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, tí a mọ̀ sí Kumasi Trio, lọ sí London láti ṣe àwo orin fún ilé iṣẹ́ Zonophone. “Yaa Amponsah” wà lára àwọn orin náà, títí di òní sì ni àwọn onígìtá Ghana ń kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ highlife.

Ní ọdún 1928 yẹn kan náà, ní Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú kan láti abúlé Avalon ní ìpínlẹ̀ Mississippi ṣe àwo tirẹ̀ fún ilé iṣẹ́ OKeh. Mississippi John Hurt ni orúkọ rẹ̀. Àwo náà kò tà púpọ̀, ó sì padà sí oko rẹ̀. Ọdún 1963 ni àwọn olùfẹ́ blues tó wá a rí ní abúlé kan náà. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ óò bá àtàǹpàkò níbẹ̀: ó ń lu okùn nípọn láìyẹsẹ̀, nígbà tí àwọn ìka rẹ̀ ń kọrin lókè. Ọkùnrin méjì tí kò mọ ara wọn, tí òkun ńlá wà láàárín wọn, gbé iṣẹ́ kan náà lé àtàǹpàkò lọ́wọ́.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti mọ A, D àti E, tí ó sì bi mí pé kí ni ó kàn, àtàǹpàkò ni n ó dárúkọ. Ẹ rántí pé okùn 6 ni ó nípọn jù, òun ni ó sún mọ́ ojú yín nígbà tí gìtá wà lórí itan; okùn 1 ni ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Láti orí okùn 6 lọ sí okùn 1, ohùn wọn ni E, A, D, G, B, E. Ẹ tẹ kọ́ọ̀dù A. Kí àtàǹpàkò lu okùn 5, lẹ́yìn náà okùn 4, lẹ́yìn náà 5, lẹ́yìn náà 4, kí ó bá oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin tí ẹ ń kà mu. Ní kọ́ọ̀dù D, okùn 4 àti 3 ni yóò máa pààrọ̀. Ní E, okùn 6 àti 4. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko kí ìka ìfábẹ̀lá má ṣe nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹrin, kí ó fa okùn 2 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín eéjì àti ẹẹ́ta. Ìgbà náà ni ẹ óò rí bí ó ti le tó, nítorí pé àtàǹpàkò yóò fẹ́ tẹ̀ lé ìka ìfábẹ̀lá bí ọmọ tí ó rí ìyá rẹ̀ tí ó ń lọ ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ìlù dùndún mọ̀ pé gúdúgúdú kì í bá ìyá ìlù sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó dúró síbi kan kí ìyá ìlù lè rìn. Àtàǹpàkò ni gúdúgúdú yín.

Àwọn àgbà tí ó ní ọ̀nà ìka méjì yìí lọ́wọ́ kò pọ̀ mọ́, ohun tí ó wà ní ọwọ́ wọn kò sì sí nínú ìwé bí ó ti yẹ. Accra New Town kò jìnnà sí Alajo. Lagos Town ni a ń pè é tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn ará wa tí ó tẹ̀dó síbẹ̀. Òfin oṣù Kọkànlá ọdún 1969 tí ó lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ fọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ká, àwọn àti ohun tí wọ́n mọ̀. Bí ẹ bá rí bàbá kan tí ó ṣì lè fi ìka méjì ta gìtá, ẹ lọ jókòó tì í ṣáájú kí ẹ tó ra ìwé kankan. Kí ẹ má ṣe béèrè orúkọ kọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo àtàǹpàkò rẹ̀.

Lẹ́yìn àtàǹpàkò, ilé orin blues fúnra rẹ̀ ni ó kàn. Àwọn aláwọ̀ dúdú ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ni ó dá orin yìí sílẹ̀ lẹ́yìn tí òwò ẹrú ti tán lọ́hùn-ún, W. C. Handy sì ti ń tẹ irú rẹ̀ sínú ìwé orin láti ọdún 1912. Ìwọ̀n 12 ni ó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ ka oókan dé ẹẹ́rin: ìwọ̀n kan nìyẹn. Ẹ dúró lórí A fún ìwọ̀n mẹ́rin, ẹ lọ sí D fún méjì, ẹ padà sí A fún méjì, ẹ lọ sí E fún ẹyọ kan, D fún ẹyọ kan, kí ẹ sì fi A méjì parí. Ó pé 12, ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ láti A ni pé okùn 5, 4 àti 6, tí a kò bá tẹ̀ wọ́n rárá, ohùn A, D àti E gan-an ni wọ́n ń fúnni. Iṣẹ́ àtàǹpàkò ti rọrùn tán.

Ẹni tí ó mọ ìwọ̀n 12 yìí kò tí ì mọ blues, bí ẹni tí ó mọ iye yàrá ilé kan kò ṣe tí ì mọ àwọn tí ń gbé inú rẹ̀. Ohun tí ń gbé inú rẹ̀ ni lílé àti ègbè. Ìlà mẹ́ta ni olórin ń kọ, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n mẹ́rin. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó tún un sọ. Ìlà kẹta ni ó fi dá ara rẹ̀ lóhùn. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í kún ìwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ìwọ̀n méjì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ń gbà, ìyókù sì ṣófo. Gìtá ni elégbè tí ó ń gbà á lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀. Ta ni kò mọ èyí nínú wa? Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kọrin níbi ìgbéyàwó, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kọ ọ́ ní oko àti níbi àlọ́. Ọmọ Áfíríkà tí ó ń kọ́ blues, tí ó sì ń fi gìtá kún gbogbo àyè láìfi ẹnu sílẹ̀ fún olórin, ti gbàgbé ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ.

B. B. King, tí a bí ní 1925 tí ó sì kú ní 2015, ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù lórí èyí. Nígbà tí ó bá ń kọrin, gìtá rẹ̀ a dákẹ́. Nígbà tí gìtá bá sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ a dákẹ́. Gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé kì í ta kọ́ọ̀dù púpọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń sọ ọ́ láìtijú. Ọba blues fi ohun kan tí gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ gìtá fi ń bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi àkókò rẹ̀ sórí ohùn ẹyọ kan kí ó lè gbọ̀n bí ohùn ènìyàn. Yíyan ohun tí a óò kọ́ jẹ́ yíyan ohun tí a óò jẹ́ kí ó kọjá pẹ̀lú. Èmi kò sọ pé kí ẹ fi kọ́ọ̀dù sílẹ̀ o! Olùkọ́ tí yóò gbé orin fún ọmọ 40 nílò rẹ̀ ju B. B. King lọ. Koo Nimo tí a bí ní 1934, tí ó di àgbà nínú orin ẹlẹ́mu ní Kumasi, gba ọ̀nà mìíràn: ó kọ́ gìtá ìwé ti àwọn Òyìnbó àti ti jazz, ó sì kó wọn wá sílé sínú orin Akan. Ọ̀nà méjèèjì dára, nítorí pé ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ ilé tí ó ń kó ẹrù lọ.

Fún ègbè tí gìtá yóò máa gbè, ohùn márùn-ún péré tó: A, C, D, E àti G. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tẹ́ sí ọrùn gìtá lọ́nà ìbú ni a ń pè ní fírẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá sí fírẹ́ẹ̀tì 5, kí ẹ má sì kúrò ní agbègbè náà. Ní okùn 6, 2 àti 1, fírẹ́ẹ̀tì 5 àti 8 ni ẹ óò tẹ̀. Ní okùn 5, 4 àti 3, fírẹ́ẹ̀tì 5 àti 7. Kò sí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn márùn-ún kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ Yorùbá ni kò kọjá iye yẹn. Ẹ má ṣe máa gùn ún sókè-sódò bí àkàbà. Ẹ mú ohùn mẹ́ta nínú rẹ̀, kí ẹ fi dá olórin lóhùn, kí ẹ sì dákẹ́.

Ibi tí àwa ti ní àǹfààní jù ni títẹ okùn wọ́, èyíinì ni kí a fi ìka ti okùn sí ẹ̀gbẹ́ kí ohùn rẹ̀ lè gòkè láìjẹ́ pé a ṣí ìka sí fírẹ́ẹ̀tì mìíràn. Òun ni ó ń mú gìtá blues sọkún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí èdè rẹ̀ kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ní láti kọ́ etí rẹ̀ pẹ̀lú ìyà. Ṣùgbọ́n ẹ pe ọ̀rọ̀ “ìwé” lọ́ra, kí ẹ sì gbọ́ ara yín: lẹ́yìn dò àkọ́kọ́, ohùn kò fò lójijì bọ́ sí mi, ńṣe ni ó gùn ún. Ẹ pe “rárà”, ẹ óò gbọ́ ọ bí ó ti ń yọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí ẹ ti ń fi ẹnu ṣe láti kékeré ni ìka ń kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ Twi, Gã tàbí Ewe náà ní irú rẹ̀ nínú èdè yín. Ẹ tẹ okùn 3 ní fírẹ́ẹ̀tì 7: D ni. Ẹ kọ́kọ́ fa okùn 2 ní fírẹ́ẹ̀tì 5, kí etí yín gbọ́ E. Lẹ́yìn náà ẹ ti okùn 3 náà títí ohùn rẹ̀ yóò fi bá E yẹn dọ́gba. Kí ìka àárín àti ìfábẹ̀lá ran èyí tí ó ń tì lọ́wọ́ láti ẹ̀yìn. Bí kò bá dé ibẹ̀, ohùn yín ṣì, bí ẹni tí ó fẹ́ pe “ọkọ” tí ó pe “ọkọ́”. Òkùnrùn tí ó ń ṣe ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí: wọ́n ń tì, wọn kò gbọ́.

Ali Farka Touré ti Mali, tí ó kú ní 2006, kò ti orí gìtá bẹ̀rẹ̀. Ohun èlò ìbílẹ̀ olókùn kan ni ó kọ́kọ́ ń ta ní abúlé rẹ̀ lẹ́bàá odò Niger, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ̀ níbẹ̀ ni ó gbé bọ́ sórí gìtá. Nígbà tí ó gbọ́ àwo John Lee Hooker láti Amẹ́ríkà, orin ilé ni ó gbọ́ nínú rẹ̀. Àwo tí òun àti Ry Cooder ṣe ní 1994, Talking Timbuktu, gba ẹ̀bùn Grammy. Kò sáré kọ́ ohun tí Hooker ń ta kí ó tó kọ́ ohun tirẹ̀.

N ó sọ̀rọ̀ rock kúrú, nítorí pé ẹni tí ó bá ti ṣe ohun tí mo sọ lókè ti rin ìdajì ọ̀nà rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1971, tí ó jẹ́ àyájọ́ ọdún 14 òmìnira Ghana, àwọn olórin láti Amẹ́ríkà ṣeré ní Black Star Square nínú Accra yìí, níbi àpéjọ tí a pè ní Soul to Soul. Wilson Pickett wá, Ike àti Tina Turner wá, Santana náà sì wá. Gìtá oníná Carlos Santana àti àwọn onílù rẹ̀ jọ wà lórí ìtàgé kan, kò sì sí èyí tí ó pa èkejì lẹ́nu mọ́. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1969, Teddy Osei àti àwọn ará Ghana mìíràn ti dá ẹgbẹ́ Osibisa sílẹ̀ ní London pẹ̀lú àwọn ọmọ Caribbean àti ọmọ Nàìjíríà. Láti 1949 ni Àyìndé Bákàrè sì ti mú gìtá oníná wọ inú jùjú. Gìtá oníná kì í ṣe àlejò níhìn-ín.

Ohun tí ó kàn fún ẹni tí ó fẹ́ rock ni ìlù okùn méjì tí Chuck Berry sọ di mímọ̀ ní àwọn ọdún 1950, tí ó wá láti ọwọ́ òsì àwọn tí ń tẹ dùùrù. Fún A, ẹ lu okùn 5 láìtẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú okùn 4 ní fírẹ́ẹ̀tì 2, lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbé ìka mìíràn lọ sí fírẹ́ẹ̀tì 4 lórí okùn 4 yẹn, ẹ lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ padà. Fún D, ẹ gbé e lọ sórí okùn 4 àti 3. Fún E, okùn 6 àti 5. Ìwọ̀n 12 kan náà ni. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ́ bí a ti ń pa okùn lẹ́nu mọ́: ẹ fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún lé orí okùn díẹ̀díẹ̀ níbi afárá gìtá, kí ohùn lè kúrú bí ìṣẹ́ ẹsẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò mọ bí a ti ń dá okùn dúró, ariwo ni yóò fún àgbàlá, ẹjọ́ onílé ni yóò sì gbà. Nígbà tí iná bá lọ, èyí tí àwọn ará Accra ń pè ní dumsor, ẹ óò tún dúpẹ́ pé ẹ kọ́ àtàǹpàkò lórí gìtá onípákó.

Kíka àmì orin ńkọ́? Ó dára, a ó sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n kí ó tẹ̀ lé etí, kí ó má ṣe ṣáájú rẹ̀. Ní ti owó, n kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tan yín: okùn gìtá wọ́n, atẹ́gùn òkun sì máa ń mú un dípẹtà. Lionel Loueke ti Cotonou, tí ó bẹ̀rẹ̀ gìtá ní ọmọ ọdún 17, tí gbogbo ayé jazz sì mọ̀ lónìí, fi wáyà ìjánu kẹ̀kẹ́ rọ́pò okùn tí ó já nígbà kan. Ẹ má ṣe dán an wò bí ẹ kò bá fẹ́ kí ọrùn gìtá yín tẹ̀. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu okùn nígbàkúùgbà tí ẹ bá ta á tán.

Iṣẹ́ àmúrelé kan ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́ kí ìwé ìròyìn wa mìíràn tó jáde. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú orin kan láti ilé, ìbáà ṣe orin ìrẹmọ tàbí orin iṣẹ́, tí ó ní lílé àti ègbè. Kí ó wá ìlà mẹ́ta nínú rẹ̀, kí ó fi wọ́n sínú ìwọ̀n 12 ní A, kí àtàǹpàkò máa lọ, kí ó fi ẹnu kọ lílé ní èdè rẹ̀, kí gìtá sì gbe ègbè pẹ̀lú ohùn mẹ́ta péré. Ẹ̀yin ọmọ Freetown, ẹ̀yin ọmọ Lomé, ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, kí a jókòó yíká ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, kí ẹnì kan ta, kí ẹnì kan máa pàtẹ́wọ́. Bí ẹni tí ó ń ta bá kọsẹ̀, kí ẹni tí ó ń pàtẹ́wọ́ má ṣe dúró dè é.